Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn ní Cumberland Island rí, ẹ wá là mí lọ́yẹ̀ o

Ìyá Ìbejì ATL
Ẹ kú ilé o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 9 ni wọ́n, ni wọ́n gbé e bọ̀ láti iléèwé pé erékùṣù kan wà ní ìsàlẹ̀ Georgia níbí tí ẹṣin ti ń rìn káàkiri etí òkun láìní olówó, wọ́n sì ní àwọn ò lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kankan, inú tẹ́ńtì làwọn máa sùn. Kí n tó tibi iṣẹ́ dé, bàbá wọn ti gbà fún wọn. Mo ti wá gba ààyè sílẹ̀ ní Sea Camp, ibùdó tẹ́ńtì kan ní erékùṣù náà, òru mẹ́ta nínú oṣù kẹrin, àwa márùn-ún: èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n wá láti Abẹ́òkúta. Èmi ò sùn nínú tẹ́ńtì rí láyé mi. Kí ni kí n gbé, kí ni kí n fi sílẹ̀, báwo la ṣe máa jẹun, ṣé Màmá lè bá wa lọ? Wọ́n ti pé 78 o, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn dáadáa, orúnkún nìkan ló máa ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ọmọ Ìkòròdú
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Àwa tá a ta ilẹ̀ ká tó rí físà, tá a ń sá fún ẹ̀fọn àti NEPA, a dé Amẹ́ríkà tán a wá ń sanwó kí wọ́n lè jẹ́ ká lọ sùn nínú igbó tí ò níná 😂 Ṣé wọ́n á yá yín ní àtùpà elépo ni?

Ọmọ Ẹ̀gbá Jax
Ìyá Ìbejì, ẹ má dá a lóhùn. Jacksonville ni mò ń gbé, mo ti sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìgbà kan òjò lù wá tílẹ̀ fi mọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bi yín: ṣé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi? Torí ààyè tẹ́ńtì lọ́tọ̀, ọkọ̀ lọ́tọ̀ o. Kò sí afárá tó débẹ̀. Ìlú St. Marys ní Georgia lẹ ti máa wọkọ̀, ó máa ń tó ìṣẹ́jú 45 lórí omi. Èèyàn bíi 300 péré ni wọ́n ń gbà lójúmọ́, ọkọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ nínú oṣù kẹrin kì í sì í pẹ́ kún.

Ìyá Ìbejì ATL
Yéè! Mo rò pé owó tí mo san ti kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni. Mò ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì ATL
Mo ti dé. Ọjọ́ Ẹtì ti kún bámúbámú. Mo rí àyè márùn-ún ní Ọjọ́bọ̀, mo wá sáré lọ yí ti tẹ́ńtì náà padà, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Àìkú ló wá di báyìí. Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ ò ní í ṣìnà láéláé. Iléèwé á kàn fara mọ́ ọn ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá Jax
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ẹrù, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Mọ́tò yín ò lọ, St. Marys lẹ máa páàkì ẹ̀ sí, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó ọwọ́ yín lẹ máa fi gbé e wọkọ̀ ọwọ́ yín náà lẹ máa fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá dé èbúté Sea Camp ẹ máa rí àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù kan níbẹ̀, ọmọlanke ni ká kúkú pè é, ẹ máa kó ẹrù sínú ẹ̀ ẹ máa tì í lórí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ fún bíi ìdajì máìlì, ṣùgbọ́n gbogbo èrò ọkọ̀ ló jọ sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ló sì ń wá ọmọlanke, ẹni tó bá wá kó kúlà méjì, ìkòkò ìrẹsì àti Ghana-must-go mẹ́ta dání á jókòó ti ẹrù ẹ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Èmi lẹni yẹn lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dáná alẹ́.

Nítorí náà: ẹ kó gbogbo ẹrù sí pálọ̀ yín nílé, kí olúkúlùkù gbé tiẹ̀, kó rìn yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan. Ohun tẹ́ ẹ bá ti ń sọ kalẹ̀ sinmi nítorí ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọmọ Ìkòròdú
Òṣùká ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ gbé e karí.

Ọmọ Ẹ̀gbá Jax
Ó ń ṣàwàdà o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo rí obìnrin kan níbẹ̀ tó gbé àpò tẹ́ńtì lérí tó ń rìn lọ geere, àwọn òyìnbó ń wò ó bí ẹni ń wo idán.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀
Ẹ kú ìmúra mà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlera kí àwọn ọkùnrin tó gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan ní erékùṣù yẹn, kò sí ilé oògùn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù á wá á lọ bó ṣe wù ú. Oògùn Màmá, ẹ kó ti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ tún fi ti ọjọ́ méjì lé e, torí tí ìjì bá dé ọkọ̀ lè má gbéra. Ẹ pín in sí báàgì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí ìkejì wà lọ́wọ́ ọkọ yín.

Eégbọn wà níbẹ̀, ó pọ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn tẹ́ ẹ bá ń kọjá láàárín igbó, ẹ ki ẹnu ẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kò ní í dà bí oge ṣùgbọ́n ta ló ń wò yín. Aṣọ aláwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́ ló dáa kẹ́ ẹ lè tètè rí wọn. Lálaalẹ́ kẹ́ ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò, abẹ́ apá, ẹ̀yìn etí, inú irun, ìdodo. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má da epo sí i lára, ẹ má fi iná jó o bíi ti ilé, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti lẹ̀ mọ́ awọ gan-an kẹ́ ẹ fà á sókè tààrà. Kantíkantí náà ń bẹ, tí atẹ́gùn ò bá ti fẹ́ wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èèyàn tán nírọ̀lẹ́. Tẹ́ńtì tí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní ihò wínníwínní ni kẹ́ ẹ rà.

Òkun ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ o. Omi ibẹ̀ ò jìn létí, ìyẹn ló máa ń tan ọmọdé jẹ. Orúnkún ni kẹ́ ẹ fi ṣe ààlà fún àwọn ìbejì.

Ìyá Ìbejì ATL
Nọ́ọ̀sì, ẹ ti bà mí lẹ́rù díẹ̀ ṣá. Ọ̀nì ńkọ́, ṣé ó wà?

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀
Ó wà. Inú adágún àti ẹrẹ̀ ló máa ń wà, kì í sábà wá sétí òkun. Ẹ má ṣe sún mọ́ omi tí ò lọ tí ò bọ̀, ó tán.

Bàbá Decatur
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n lórí ti ìyá arúgbó yẹn, ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ẹni ọdún 78 tórúnkún ń dùn, ẹ fẹ́ kó sùn sórí ilẹ̀ kó tún dìde lóru lọ wá ilé ìtọ̀ nínú òkùnkùn? Kí ló dé tẹ́ ò lọ sí Jekyll Island, erékùṣù Georgia mìíràn? Afárá gbé mọ́tò débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà, omi gbígbóná wà, ẹ lè pa tẹ́ńtì yín sí ibùdó tó wà níbẹ̀, etíkun ibẹ̀ náà sì dára. Ìtàn náà pọ̀ níbẹ̀. Ní 1858, ìgbà tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀ fún 50 ọdún, ibẹ̀ ni ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Wanderer já èèyàn tó lé ní 400 sí láàárín òru, wọ́n ti kó wọn láti ẹnu odò Kóńgò. Ìrántí wọn wà ní St. Andrews Beach. Etíkun yẹn kan náà ló sì jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Georgia, ní 1950. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ lè yà sí erékùṣù St. Simons, níbi tí àwọn Igbo gbé rìn wọ inú omi ní 1803 dípò kí wọ́n ṣẹrú.

Ìyá Ìbejì ATL
Ẹ ṣé gan-an Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Mo ka tiyín sí etí ọkọ mi, ó ní òótọ́ lẹ sọ. Ìgbà tá a wá sọ fún Màmá pé kí wọ́n dúró lọ́dọ̀ àǹtí wa ní Stone Mountain, wọ́n ní ta ló bi àwọn léèrè. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń sùn lábà Ọ̀dẹdá nígbà ìkórè, ṣé tẹ́ńtì wà níbẹ̀ ni.

Bàbá Decatur
Háà. Ó tán. Mo gbẹ́nu mi kúrò o.

Ọmọ Ẹ̀gbá Jax
Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi. Sea Camp ṣì rọ̀ fún wọn ju àwọn ibòmíì lọ ní erékùṣù yẹn. Ilé ìtọ̀ tó ń fọ ara ẹ̀ wà, omi mímu wà, ṣáwà wà ṣùgbọ́n omi tútù ni. Àwọn ibùdó tó kù, Stafford Beach jẹ́ ìrìn máìlì 3 ààbọ̀ láti èbúté, èyí tó jìnnà jù tí wọ́n ń pè ní Brickhill Bluff lé ní máìlì 10, ẹ̀yin lẹ máa se omi kẹ́ ẹ tó mu ún, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dá iná igi nínú igbó ńlá yẹn. Ìyẹn fún àwọn ọ̀dọ́.

Fún Màmá, ẹ ra bẹ́ẹ̀dì tó ń ká, èyí tó ga kúrò nílẹ̀ dáadáa, kì í ṣe mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ẹni tórúnkún ń dùn ò lè dìde láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àga tó ń ká, tọ́ọ̀ṣì orí. Kẹ́ ẹ sì yan ààyè tó sún mọ́ ilé ìtọ̀ tẹ́ ẹ bá lè rí i.

Ìyá Ìbejì ATL
Oúnjẹ ńkọ́?

Ọmọ Ìkòròdú
Gààrí!!! Ẹ má fi ṣeré. Oúnjẹ àgọ́ tó dáa ju gààrí lọ, wọn ò tíì dá a sílẹ̀. Kò nílò iná, kì í bàjẹ́, ó fúyẹ́. Gààrí Ìjẹ̀bú, ṣúgà, ẹ̀pà, kulikúlì, ó parí. Ẹ ń náwó ra oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá tó jẹ́ dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀
Ọmọ Ìkòròdú sọ̀rọ̀ gidi lónìí, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Èmi máa ń dín ata, maá se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, maá dì í sínú nylon kékeré kékeré, maá fi sí fìrísà títí á fi le bí òkúta. Òun náà ló máa ń jẹ́ yìnyín nínú kúlà. Ọjọ́ kejì ó ti yọ́ lẹ kàn máa gbé e kaná. Gáàsì ìdáná ni kẹ́ ẹ bi àwọn ọlọ́kọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, èyí tí wọ́n máa gbà àti èyí tí wọn ò ní í gbà. Igi ìdáná, èyí tó ti wó sílẹ̀ fúnra ẹ̀ nìkan lẹ lè ṣà, ẹ ò gbọdọ̀ gé láàyè.

Ṣùgbọ́n ẹja gbígbẹ, ẹ gbọ́ tèmi. Raccoon wà níbẹ̀, ẹranko tó dà bí ẹni fi ẹ̀dú kun ojú, ọwọ́ ẹ̀ dà bí ọwọ́ ọmọdé. Páńla wà nínú báàgì mi, mo so ó mọ́ òpó tẹ́ńtì, mo rò pé mo gbọ́n. Lóru mo gbọ́ ṣíńkín, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo bá òun àti ìyàwó ẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ páńla mi wọ́n ń wò mí lójú. Àpótí onírin wà ní ààyè tẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan ní Sea Camp fún oúnjẹ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ sí, ọṣẹ àti pépàmíntì pàápàá. Pàǹtí yín náà, ẹ̀yin lẹ máa kó o padà wọkọ̀, kò sí ẹni tó ń kó o.

Ọmọ Ìkòròdú
"Òun àti ìyàwó ẹ̀" 😭😭

Tísà Ṣadé
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ìbejì sọ díẹ̀. Gbogbo èèyàn tó bá lọ síbẹ̀ ló máa ń ya fọ́tò Dungeness, ilé olówó tó jóná ní 1959, ara ògiri nìkan ló kù, ìdílé Carnegie ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1880. Ẹṣin máa ń jẹko níwájú ẹ̀, ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó débẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ilé kan ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó dé, opó ọ̀gágun Nathanael Greene ló kọ́ ọ, àwọn ẹrú ló sì ń dáko òwú yí ká.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: ní oṣù kìíní ọdún 1815, ogun ṣì ń lọ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù yẹn, ọ̀gá wọn, Cockburn, ní ẹrú èyíkéyìí tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ti di òmìnira. Háà, wọ́n wá o. Láti oko tó wà ní Cumberland àti láti àwọn erékùṣù tó yí i ká, tọkọ tìyàwó, abiyamọ tó pọn ọmọ, wọ́n fi ọkọ̀ kékeré wá lóru. Wọ́n lé ní 1,000. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Yúróòpù kí ogun ibẹ̀ tó parí, àwọn olóko wá ń béèrè "ohun ìní" wọn, Cockburn ní ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ àwọn ò padà sẹ́yìn mọ́. Bermuda, Nova Scotia, Trinidad, ibẹ̀ ni wọ́n kó wọn lọ. Etíkun táwọn ìbejì yín máa ti máa ṣa ìkarahun nìyẹn.

Ìyá Ìbejì ATL
Tísà, ara mi bù máṣọ. Ṣé àwọn Yorùbá wà lára wọn?

Tísà Ṣadé
Mi ò ní í parọ́ fún yín, àwọn èèyàn wa ò pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wá sí etíkun Georgia. Kóńgò, Àǹgólà, Senegámbíà, Sàró, ibẹ̀ ni wọ́n ti pọ̀ jù. Brazil àti Kúbà ni wọ́n kó tiwa lọ jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan àwọn ọmọ pé bàbáńlá wọn ni wọ́n sin síbẹ̀. Kò dìgbà tó bá jẹ́ tiwa ká tó dúró níbẹ̀ ká ṣí fìlà.

Ibi kan wà ní ìparí àríwá, The Settlement, àwọn tó gba òmìnira lẹ́yìn ogun abẹ́lé àti àwọn ọmọ wọn ló gbé ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣì wà, First African Baptist, 1893 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n tún un kọ́ ní 1937, onípákó, kékeré bí yàrá méjì. Àwọn òyìnbó mọ̀ ọ́n nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà kan, gbé ṣègbéyàwó ní 1996. Ó jìn sí Sea Camp, ju máìlì 10 lọ, ẹ má rò pé ẹ máa fẹsẹ̀ rìn ín. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ páàkì, ìyẹn ti àwọn tó ń bójú tó erékùṣù náà, kan wà tó máa ń kó àlejò lọ, ẹ tètè gba àyè Màmá sílẹ̀ nínú ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá Jax
Ẹṣin o! Ẹ sọ fún àwọn ìbejì: wọn kì í ṣe ẹṣin Dọ́bà, ayẹyẹ ẹṣin àwọn Hausa, wọn ò ní ẹni tó ń tọ́jú wọn, wọ́n máa ń tàpá. Ẹsẹ̀ bàtà 50, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má fún wọn ní gààrí.

Ìyá Ìbejì ATL
(ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà)
Ẹ̀yin èèyàn mi, a lọ, a bọ̀. Ẹ jókòó.

Wákàtí mẹ́fà ni láti ilé dé St. Marys, a sùn síbẹ̀ mọ́jú Ọjọ́bọ̀ torí ọkọ̀ aago 9, ìyẹn gan-an lọgbọ́n tó dáa jù tá a gbọ́n. Màmá kọ̀ láti jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n dúró síwájú, wọ́n di irin mú, ẹja lámùsóò yọ sókè lẹ́ẹ̀mejì wọ́n pariwo "Yemọja o!" gbogbo èrò ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọmọlanke, a rí ẹyọ kan. Ọkọ mi tì í, èmi fi òṣùká gbé àpò tẹ́ńtì karí, Ọmọ Ìkòròdú ṣeun. Igi ibẹ̀ ga, ẹ̀ka wọn dì mọ́ra lókè bí òrùlé, nǹkan kan wá ń so rọ̀ lára wọn bí irùngbọ̀n bàbá arúgbó, abẹ́ ẹ̀ tutù, òkun kàn wà lẹ́yìn òkìtì iyanrìn, ẹ ń gbọ́ ọ lóru.

Màmá ló sùn dáadáa jù nínú wa. Èmi ò sùn, ẹranko kan ń fẹsẹ̀ tú ewé kiri lẹ́yìn tẹ́ńtì, mo rò pé olè ni, Táyé tan tọ́ọ̀ṣì, armadillo ni, ó dà bí akika gan-an. Màmá ní ká mú un, pé ọbẹ̀ ẹ̀ dùn. A ní òfin ò gbà. Wọ́n ní òfin wo.

Àwọn ọmọ rí eyín ṣáàkì dúdú mẹ́ta. Ẹṣin rìn kọjá wa létí omi, ìyá àtọmọ, kẹ́kẹ́ pa. Ọjọ́ Sátidé Màmá wọ ọkọ̀ páàkì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ọkọ mi bá wọn lọ. Ó ní wọ́n jókòó sórí àga iwájú, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n wá dá orin "Jésù olùfẹ́ ọkàn mi" ní Yorùbá, obìnrin dúdú kan tó wá láti Savannah dà á mọ́ wọn lẹ́nu ní tiẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dì mọ́ra. Màmá ti ní kí n wá nọ́ńbà obìnrin náà fún àwọn, mi ò mọ ibi tí mo ti máa rí i.

Gààrí tán lọ́jọ́ kejì. Kẹ́ ẹ gbé púpọ̀.

Nọ́ọ̀sì, mo rí eégbọn kan lẹ́yìn etí Kẹ́hìndé lálẹ́ Ọjọ́ Àìkú nígbà tá a délé. Mo fi ẹ̀mú yọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe wí, orí ẹ̀ bá a jáde. Kí ni kí n máa wò?

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀
Ẹ fọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ibẹ̀ bá pọ́n tó ń gbòòrò, tàbí ibà, tàbí orí fífọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ yọ ọ́ fún wọn.

Ìyá Ìbejì ATL
Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà kíṣìnì. Kẹ́hìndé fúnra ẹ̀ ya eégbọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.